Bọ́tìnì Abẹ́ Ẹsẹ̀ Màmá Àgbà

Ẹni tí ẹnu rẹ̀ wúwo ni mí. Láti kékeré, bí àlejò bá wọlé wa, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti ń kí i. Màmá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà, ló sọ mí ní Ẹnu-ò-ṣí.

"Ẹnu-ò-ṣí, ṣé o ti jẹun?"

Màá mi orí.

"Ṣé orí lo fi jẹ ẹ́ ni?"

Ta ló máa rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi ẹnu rẹ̀ ṣe ẹnikẹ́ni léṣe? Èmi gan-an kò rò ó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ fún yín, nítorí ó ṣeé ṣe kí irú kóòtù tí mo wọ̀ nígbà náà wà lọ́rùn ẹnìkan nínú yín báyìí.

Iṣẹ́ aṣọ ni wọ́n ń ṣe nílé wa. Àǹtí, ọmọ tí Màmá Àgbà bí, ló ń fọ̀ ọ́; Màmá fúnra wọn ló ń lọ̀ ọ́. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti máa ń wà ní ìdúró nídìí tábìlì, áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́, aṣọ olówó aṣọ níwájú àti lẹ́yìn. Ohun kan wà tí wọ́n fi ń yangàn: bọ́tìnì oníbàárà kankan kò sọ nù lọ́wọ́ wọn rí. Bó bá já, wọ́n á wá a kàn. Wọ́n á ní, "Aṣọ tí kò ní bọ́tìnì, ẹnu tí kò ní eyín ni."

Wọ́n ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n ń lo oògùn rẹ̀ láràárọ̀, wọ́n ń kùn, ṣùgbọ́n wọ́n ń lò ó.

Nígbà tí mo jáde níléèwé girama, mo jókòó sílé títí ojú fi ń tì mí láti rí àwo oúnjẹ mi. Obìnrin kan tó máa ń kó aṣọ wá fún wa ló ní kí n wá máa ran òun lọ́wọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ibì kan tí wọ́n ti ń fi omi fa ìdọ̀tí ara jáde láti àtẹ́lẹsẹ̀. Ọ̀gá là ń pè é.

Iṣẹ́ náà kò le. Màá da omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú bàsíà ike, màá fi iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, màá ri irin roboto kan sínú rẹ̀, tí wáyà so mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan. Oníbàárà á ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Màá da táwẹ̀lì bo ẹnu bàsíà àti ẹsẹ̀ rẹ̀, màá sì tan ẹ̀rọ. Òfin Ọ̀gá ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí táwẹ̀lì títí omi á fi "sọ̀rọ̀".

Bí mo bá wá ṣí i, omi tó mọ́ lóló á ti di pupa rúsúrúsú, ìfófòó dúdú á máa léfòó lórí rẹ̀. Oníbàárà á ké, "Áà! Ṣé inú mi ni gbogbo èyí wà?"

Àwòrán kan wà lára ògiri tó ń túmọ̀ àwọ̀ omi. Pupa rúsúrúsú, oríkèé ló ti wá. Dúdú, ẹ̀dọ̀ ni. Àwọ̀ ewé, òróòro ni. Ọ̀gá ló ń kà á fún wọn. Èmi ń da omi nù.

Lọ́jọ́ kan, ìyá kan gba ìpè lórí fóònù, ó yọ ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kì bọ omi, ó jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti lọ bá ẹni tó pè é jà. Ìjà náà pẹ́. Mo gbàgbé láti pa ẹ̀rọ. Nígbà tí mo gbé táwẹ̀lì, omi ti pọ́n, ìfófòó dúdú ti yọ, ó kún fọ́fọ́.

Kò sí ẹsẹ̀ kankan níbẹ̀.

Mo lọ bá Ọ̀gá ní yàrá ẹ̀yìn. "Ọ̀gá, omi yìí pọ́n láìsí ẹsẹ̀."

Ó wo omi, ó wò mí. "Ta ló rí i?"

"Èmi ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbá mi léjìká. "Ìwọ kì í sọ̀rọ̀. Ìdí tí mo fi gbà ọ́ nìyẹn." Ó fa àga kan sún mọ́ mi. "Gbọ́. Irin ló ń dógùn-ún. Iyọ̀ àti iná ń jẹ ẹ́. Ṣé mo ní kò jẹ ẹ́ ni? Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tibí jáde, ṣé ara kì í tù wọ́n? Ṣé wọn kì í sùn wọra? Ta la pa?"

Ó dìde, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì mú kóòtù funfun kan jáde, irú èyí tí àwọn dókítà ń wọ̀. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà wà nínú àpò rẹ̀.

"Láti ọ̀la, ìwọ ni kó o máa ka àwọ̀ omi fún wọn."

Ẹ̀yin tí ẹnu yín yá, ẹ lè má mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ sí mi. Mo dúró níwájú àwọn àgbàlagbà, kóòtù funfun lọ́rùn mi, mo ṣí táwẹ̀lì, mo sì gbọ́ ohùn kan tó ń sọ pé, "Ẹ wo èyí, ẹ̀dọ̀ yín ló ń tú ẹrù rẹ̀ kalẹ̀." Ohùn mi ni. Kò gbọ̀n. Wọ́n ń mi orí fún mi! Èmi tí mo ti ń mi orí fún gbogbo ayé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pè mí ní Dókítà.

Gbogbo èèyàn kọ́ ló gbà. Dírẹ́bà kan wà tó máa ń na ẹsẹ̀ lórí àga ẹ̀bá fèrèsé. Ó ní ìyàwó òun ló fipá mú òun wá. Òun àti tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì kì í jókòó pa pọ̀ kí ọ̀rọ̀ má bẹ́.

"Ìpẹtà lásán," dírẹ́bà á ní. "Ọkọ̀ mi ní irú omi yìí nínú."

"Bó bá jẹ́ ìpẹtà, kí ló dé tí omi tèmi fi dúdú ju tìrẹ lọ?"

"Iyọ̀ tìrẹ ló pọ̀ jù, tíṣà."

"Ṣùgbọ́n oríkèé mi ò ro mí mọ́!"

"Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ níbi tó tutù, kí ẹnìkan máa fọ ẹsẹ̀ yín bí ọmọ tuntun, oríkèé wo ló máa ro yín?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí, wọ́n á wá yíjú sí mi. "Dókítà, dá ẹjọ́ yìí."

Mo ní, "Ara ò dọ́gba."

Tíṣà pàtẹ́wọ́. Dírẹ́bà wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ọmọ yìí máa dé ipò gíga o," ó sì di ojú rẹ̀.

Nígbà tí Màmá Àgbà gbọ́ pé Ẹnu-ò-ṣí ń sọ̀rọ̀ láwùjọ, wọ́n ní àfi káwọn fojú ara àwọn rí i. Wọ́n wá, wọ́n jókòó lórí àga ńlá àárín, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọmi. N kò wo omi rárá bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ojú wọn ni mò ń wò. Omijé ayọ̀ wà níbẹ̀.

Nílé, Àǹtí gbọ́, ó pòṣé. "Omi ń fa àìsàn jáde lára? Èmi tí ọwọ́ mi ń wà nínú omi láti òwúrọ̀ dalẹ́, ó yẹ kí n ti di áńgẹ́lì."

"Ọwọ́ kọ́, ẹsẹ̀ ni," Màmá dá a lóhùn. "Dókítà ti ṣàlàyé fún wa."

"Dókítà wo? Ẹni tó ń bẹ̀rù adìyẹ?"

"Fi ọmọ mi sílẹ̀."

Àǹtí kọjú sí mi. "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Wo ojú mi."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Mo wo àwo tó wà níwájú mi. Mo ní, "Àwọn èèyàn ní ó ń ṣiṣẹ́."

Ẹ wo irú ìdáhùn yẹn dáadáa. Kì í ṣe irọ́. Irọ́ ì bá sàn jù ú lọ, nítorí Àǹtí ì bá rí i lójú mi.

Màmá ló ń lọ kóòtù mi. Wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bọ́tìnì àyà rẹ̀ já nígbà tí wọ́n ń lọ̀ ọ́. Wọ́n wá a lábẹ́ tábìlì, lábẹ́ àga, nínú ìdì aṣọ. Wọ́n gbọn ẹní. Ojú tì wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ.

"Má bínú, ọmọ mi. Màá wá a kàn. Irú èyí ò ṣẹlẹ̀ sí mi rí."

Mo lọ síbi iṣẹ́ láìsí bọ́tìnì. Lọ́sàn-án, Màmá, tí wọ́n ti di oníbàárà wa, dé fún ìtọ́jú wọn. Mo kúnlẹ̀ láti bọ́ bàtà wọn. Nǹkan kan bọ́ sílẹ̀ láti inú bàtà ọ̀tún, ó yí lọ sábẹ́ àga.

Bọ́tìnì mi ni.

Mo gbé ẹsẹ̀ wọn. Àmì rẹ̀ ti wọ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn lábẹ́ àwọn ìka kékeré, roboto, ó jìn, ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn gbangba. Ara ibẹ̀ ti ń bó. Wọ́n ti dúró lórí rẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ nígbà tí wọ́n ń wá a kiri ilé. Wọ́n ti fẹsẹ̀ rìn wá láti ilé lórí rẹ̀.

"Màmá, ṣé nǹkan kan ò gún yín lẹ́sẹ̀?"

"Rárá o. Ẹsẹ̀ mi fúyẹ́ lónìí. Bí ẹni ń rìn lórí òwú ni. Omi yín ń ṣiṣẹ́!"

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Bí n kò tilẹ̀ kàwé púpọ̀, mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ tí kò mọ̀ pé òun ń tẹ bọ́tìnì ti ń kú lọ. Mo ki bọ́tìnì náà sápò. Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n lọ, mo wá abẹ́rẹ́ àti òwú, mo sì rán an padà sára kóòtù.

Nílé, wọ́n rí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́. "O rí i! Níbo ló wà?"

"Nílẹ̀," ni mo wí.

"Mo sọ fún yín pé bọ́tìnì ò lè sọ nù lọ́wọ́ mi."

Láti ọjọ́ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn nǹkan kéékèèké. Mo rí i pé páálí oògùn wọn kò kúrò níbi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìtílà, eruku sì ti bo orí rẹ̀. Mo rí i pé omi tí wọ́n ń mu ń pọ̀ sí i. Mo rí i pé wọ́n ń wọ ìbọ̀sẹ̀ nínú ilé.

"Màmá, ẹ ò lo oògùn mọ́?"

"Oògùn kí ni? Kí ni mo tún ń gbé ìkorò mì fún, nígbà tí ọmọ mi ń fa ṣúgà náà jáde látẹsẹ̀? Má sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ o. Ẹnu rẹ̀ mú jù."

Wọ́n fi ìka kan ètè mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ẹnu-ò-ṣí mi."

Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀, kò ṣí. Bí mo bá ní kí wọ́n lo oògùn, wọ́n á bi mí pé, omi ńkọ́? Bí mo bá sọ ti omi, kóòtù lọ nìyẹn, Dókítà lọ, ohùn mi náà lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé, lọ́la. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Wọn ò sọ fún mi pé tẹlòmíì náà lè bá a dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ bú jáde ní ọjọ́ tí yàrá náà kún jù. Màmá kó àwọn ọ̀rẹ́ wọn wá láti wá gbọ́ ọmọ wọn. Kẹ́tùlù ti bàjẹ́, gáàsì ni mo fi ń se omi. Ọ̀gá ń pariwo, "Dókítà, yára! Àwọn èèyàn ń dúró!" Mo da omi gbígbóná sí bàsíà, mo da tútù lé e, mo ro ó pọ̀. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn wà lọ́wọ́ mi. Àwọn ọ̀rẹ́ Màmá ń wò mí, n kò sì fẹ́ bọ́ ọ níṣojú wọn. Dókítà wo ló ń fi ìgbọ̀nwọ́ wo omi bí ìyá ọmọ?

Mo bi wọ́n bí mo ṣe ń bi gbogbo oníbàárà. "Ṣé kò gbóná jù?"

"Ó dára, ọmọ mi. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Mo da táwẹ̀lì bò ó. Mo yíjú sí àwòrán ara ògiri.

"Dókítà," dírẹ́bà pè mí láti ẹ̀bá fèrèsé. "Omi yẹn ń ṣèéfín o."

"Ẹ ní sùúrù, bàbá, mò ń ṣàlàyé." Àwọn ìyá náà rẹ́rìn-ín. Mo sọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀, mo sọ̀rọ̀ kíndìnrín. N kò sọ̀rọ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Màmá ń rẹ́rìn-ín músẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo ṣí táwẹ̀lì. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn sókè, awọ ara rẹ̀ sì bá ìbọ̀wọ́ mi wá.

Ẹnìkan ké. Màmá ń wo ojú mi, wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé? Ṣé omi ti sọ̀rọ̀?"

Dírẹ́bà ti dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kán omi sílẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ bàsíà, ó sì fà á jáde wàrà. "Yéè! Ṣé o fẹ́ se ìyá yìí ni? Gbé wọn! Ọkọ̀ mi wà níta."

Ọ̀gá ò tẹ̀ lé wa. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ó ń kó iyọ̀ kúrò lórí tábìlì.

Ní ọsibítù, wọ́n gbé Màmá sórí bẹ́ẹ̀dì. Àǹtí sáré dé, ọṣẹ ṣì wà lápá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan wọlé, ó rí kóòtù mi. Mo ti gbàgbé pé ó wà lọ́rùn mi.

"Ẹ káàbọ̀, Dókítà. Ṣé ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú wọn? Oògùn àtọ̀gbẹ wo ni wọ́n ń lò?"

"Mi ò lo oògùn mọ́," Màmá dáhùn pẹ̀lú ìgbéraga. "Omi ló fi ń tọ́jú mi. Ọmọ mi ni. Sọ fún wọn, Dókítà. Sọ bó ṣe ń fa ṣúgà náà jáde."

Nọ́ọ̀sì wò mí. Àǹtí wò mí. Dírẹ́bà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà sorí kọ́, ìyẹn ló dùn mí jù.

"Omi lásán ni," mo wí.

"Sọ ọ́ sókè," ni Àǹtí wí.

"Omi lásán ni. Irin ló ń dógùn-ún. Ó máa ń pọ́n bí kò bá tilẹ̀ sí ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Mo ti rí i tipẹ́."

Màmá ò pariwo. "Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá?"

"Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá a ti rí àmì kankan pé ẹsẹ̀ wọn ti kú. Ọwọ́ mi lọ sí àyà mi láìmọ̀. Mo já bọ́tìnì náà, mo sì fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Màmá.

"Ilẹ̀ kọ́ ni mo ti rí i. Inú bàtà yín ló wà. Abẹ́ ẹsẹ̀ yín."

Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. Mo rò pé wọ́n á gbá mi létí. Mo fẹ́ kí wọ́n gbá mi létí.

"Mo bẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà pé kó o má bínú sí mi," ni wọ́n wí. "Nítorí bọ́tìnì yìí. Mo bẹ̀ ọ́."

Wọ́n yíjú sí ògiri.

Wọ́n gé ìka méjì lẹ́sẹ̀ ọ̀tún wọn. Dókítà gidi ní ká ní a tún pẹ́ díẹ̀ ni, ì bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kò sóhun tó burú nínú kéèyàn fi ẹsẹ̀ sínú omi kí ara lè tù ú. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń kó ìdọ̀tí ara dà nù, kì í ṣe àtẹ́lẹsẹ̀. Àti pé ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ gba ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbọ́ lórí omi gbígbóná.

Mo dá kóòtù padà. Ọ̀gá gbà á, ó wo ibi tí bọ́tìnì ti já. Ó ti gba ẹlòmíì.

Àwọn èèyàn ṣì máa ń dá mi dúró lójú ọ̀nà. Tíṣà náà dá mi dúró, ó ní oríkèé òun ò ro òun mọ́ lóòótọ́. Mo sọ ohun tí mo rí fún un, láti orí omi dé orí bọ́tìnì. Ó bínú sí mi. Mo dúró, mo sọ ọ́ parí. Ohùn mi ń gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gbọ̀n nígbàkígbà tó bá jẹ́ òótọ́ ni mò ń sọ, mo sì ti gbà á bẹ́ẹ̀.

Láràárọ̀ báyìí, mo máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ wo omi tí Màmá fẹ́ fi wẹ̀. Kí wọ́n tó wọ bàtà, mo máa ń ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ọwọ́ lásán. Nínú bàtà ọ̀tún, ọwọ́ mi á kan òwú tí Àǹtí fi dí ibi tó ṣófo.

"Ṣé ó mọ́?"

Màá mi orí.

"Mi ò gbọ́."

"Ó mọ́, Màmá. Mo fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"O ṣeun, ọmọ mi."

Wọ́n á gba bàtà náà lọ́wọ́ mi, wọ́n á dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n á sì gbọ̀n ọ́n fúnra wọn.